Àlàáfíà àti Títòrò

Ẹni tí ó bá gba ojú omi wọ Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kò ní í ṣàì ro orúkọ ìlú náà wò. Ní ọdún 1947 ni àwọn ẹlẹ́sìn Krístì tí a mọ̀ sí Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó sí etí òkun, lẹ́yìn inúnibíni. Ó ti di àṣà láàrin àwa olùkọ́ láti sọ fún àwọn ọmọ pé ‘ayé tòrò’ àti ‘ayé ní àlàáfíà’, ọ̀kan náà ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Láti inú èdè Lárúbáwá ni àlàáfíà ti wá. Ìlera ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, àti kí Ọlọ́run pa ènìyàn mọ́. Salām ni wọ́n ń pe ti ìrẹ́pọ̀. Lafiya ni Hausa ń pè é, afya ni Swahili. Àwọn ará Tọ́kì a sì máa kí ẹni tí ń jẹun pé afiyet olsun, èyí ni pé kí oúnjẹ náà ṣe é ní ìlera. Tọ́kì kì í ṣe ìbátan Lárúbáwá, Yorùbá kò sì bá èyíkéyìí nínú méjèèjì tan. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ka Hausa àti Lárúbáwá mọ́ agboolé ńlá kan, ṣùgbọ́n lafiya kì í ṣe ogún baba lọ́wọ́ Hausa. Yíyá ni ó yá a. Ẹ̀sìn, òwò àti ìwé ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri.

Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ já àlàáfíà sí wẹ́wẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí ó fi í wé àlùbọ́sà, àlùbáríkà àti àlùwàlá. Al ti Lárúbáwá ni ó ṣíwájú gbogbo wọn. Ahọ́n wa kò gba kí kọ́ńsónáǹtì méjì lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà a fi u là wọ́n. Ṣùgbọ́n ìró ọ̀nà-ọ̀fun tí ó bẹ̀rẹ̀ ʿāfiya kò sí lẹ́nu wa. Bí ó ti bọ́ sọnù, al kan fáwẹ́lì, kò sì sí ohun tí a ó là. Ẹ̀rí kékeré ni, ó sì dùn mọ́ mi ju ìtàn gígùn lọ.

Nígbà tí a bá béèrè lówùúrọ̀ pé ‘Ṣé àlàáfíà ni?’, ara ni à ń béèrè, àti ti àwọn ará ilé. Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣáájú nínú títúmọ̀ rẹ̀ lo ọ̀rọ̀ kan náà níbi tí Jésù ti ń fi ìbàlẹ̀ ọkàn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó bá ìmàle wọlé ṣe di àdúrà Onígbàgbọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bínú.

Tòrò ní tirẹ̀, omi ni ó ni ín. Bí a bá pọn omi tí ó rú, a ó gbé e kalẹ̀ títí ìdọ̀tí yóò fi rẹlẹ̀. Nígbà náà ni a ó ní ó tòrò. Ìdọ̀tí náà kò jáde nínú ìkòkò. A kì í sọ pé omi ní àlàáfíà, a kì í sì í sọ pé ara aláìsàn ti tòrò. Ọmọ omi ni àwọn tí wọ́n sọ Ayétòrò lórúkọ. Wọn kò wá ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Lónìí òkun ń jẹ ìlú náà, ó ti gbé ilé púpọ̀ lọ. Ará ibẹ̀ tí ara rẹ̀ le lè dáhùn pé àlàáfíà ni òun wà, kí omi sì máa rú lẹ́yìn ilé rẹ̀. N kò fi àlàáfíà túmọ̀ tòrò fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ìkòkò omi ni mo ń gbé síwájú wọn.