Orúkọ Yorùbá Lójú Sánmọ̀

Ilé ni Yorùbá ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá gbé òfin yìí ka orí àwọn orúkọ Yorùbá tí ó wà lójú sánmọ̀ lóde òní, ìbéèrè kan yóò dìde tí ó tọ́ kí a bi ara wa: ilé ta ni a wò kí a tó sọ wọ́n? Nítorí pé orúkọ Yorùbá wà lójú sánmọ̀ ní tòótọ́. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò káàkiri àgbáyé, lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì àti àwọn ohun kéékèèké mìíràn tí ń yí oòrùn ká. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn díẹ̀ tí ó mọ̀ ń fi wọ́n yangàn, wọn kì í yẹ̀ wọ́n wò. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni láti yẹ̀ wọ́n wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò: kí a yin èyí tí ìyìn tọ́ sí, kí a sì tọ́ka sí àbùkù níbi tí àbùkù bá wà.

Òṣùwọ̀n wo ni a ó lò? Ilẹ̀ Okun fún wa ní ọ̀kan. Ní ayé àtijọ́, àwọn Owé tí ó wà ní Kàbà, àwọn Ìyàgbà, àwọn Ìjùmú, àwọn Bùnú àti àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń jẹ́. Ìlú àti ìran ni olúkúlùkù fi ń pe ara rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà mìíràn, wọ́n sì pe gbogbo agbègbè náà ní Kabba Province. Orúkọ ọ́fíìsì ni èyí, inú ìwé ni ó ń gbé. Ní 1965 ni Eva Krapf-Askari, onímọ̀ nípa ìgbé-ayé àwùjọ tí ó wá ṣe ìwádìí ní agbègbè Kàbà, dábàá pé kí a máa pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní Okun. Níbo ni ó ti rí orúkọ náà? Lẹ́nu wọn ni. Okun ni gbogbo wọn fi ń kí ara wọn, láti ìlú dé ìlú. Àlejò ni ó mú orúkọ náà wá, ṣùgbọ́n ẹnu onílé ni ó ti gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí onílé fi gbà á. Nígbà tí wọ́n yọ wọ́n kúrò ní Ìpínlẹ̀ Kwara tí wọ́n sì fi wọ́n sí Kogi ní 1991, orúkọ ìpínlẹ̀ yí padà lórí wọn. Okun kò yí padà.

Síbẹ̀, ewu kò jìnnà sí orúkọ yìí náà. Bí a bá kọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, ó lè pè é ní òkun, omi ńlá oníyọ̀ tí ó jìnnà réré sí Kàbà. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ya ìkíni sọ́tọ̀ kúrò lára omi. Òṣùwọ̀n wa nìyí: àlejò lè sọ ọmọ lórúkọ, bí ó bá ti fetí sí onílé, tí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òṣùwọ̀n yìí lọ sí Ceres. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801, Giuseppe Piazzi, àlùfáà Kátólíìkì tí ó ń wo ìràwọ̀ ní ìlú Palermo, rí ohun kan tí ó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Ó fi orúkọ òrìṣà ọkà àwọn ará Róòmù pè é. Àárín Máàsì àti Júpítà ni Ceres ti ń yí oòrùn ká, ó sì ń gbà á tó ọdún mẹ́rin àti oṣù méje kí ó tó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Fífẹ̀ rẹ̀ láti ìhà kan sí èkejì tó kìlómítà 940. Oyè rẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n kọ́kọ́ kà á mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí ń fò kiri, ní 2006 ni wọ́n wá pè é ní pílánẹ́ẹ̀tì aràrá, nínú ìpàdé kan náà tí wọ́n ti gba oyè lọ́wọ́ Pluto. Ní oṣù kẹta ọdún 2015 ni ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Dawn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà ni ó di dandan láti fún àwọn òkè àti kòtò ibẹ̀ lórúkọ. Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀ Àgbáyé, tí a dá sílẹ̀ ní 1919, ni ó ń fi ọwọ́ sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí Ceres ti jẹ́ òrìṣà ọkà, wọ́n pinnu pé orúkọ àwọn òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọdún ìkórè láti ilẹ̀ gbogbo ni àwọn yóò lò. Ìpinnu rere ni. Àgbẹ̀ wà níbi gbogbo.

Kòtò kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 260. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó tóbi jù ú lọ lórí Ceres. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Kàbà dé Ìbàdàn, ibi tí ó fò kò tó fífẹ̀ kòtò yìí. Yalode ni wọ́n pè é. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé òrìṣà ilẹ̀ Dàhọ̀mì kan ni, tí àwọn obìnrin ń bọ nígbà ìkórè.

Etí Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní gbọ́ Ìyálóde nínú rẹ̀? Ní Ìbàdàn àti ní Ẹ̀gbá, Ìyálóde kì í ṣe òrìṣà; oyè ni. Òun ni olórí àwọn obìnrin, òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wọn dé iwájú àwọn ìjòyè. Tinúbú jẹ ẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó kú ní 1874, jẹ ẹ́ ní Ìbàdàn, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì ti sọ ọ́ di ẹni tí a kò lè gbàgbé nínú eré oníṣe. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Bùràsílì àti Kúbà, Ìyálóde di oríkì Ọ̀ṣun. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu bí oyè bá di òrúkọ òrìṣà lọ́nà Dàhọ̀mì, níbi tí àwọn Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ti ń bá àwọn Fọn gbé, tí wọ́n jọ ń ná ọjà, tí wọ́n sì jọ ń jagun. A kò sọ pé irọ́ ni òrìṣà náà. Ohun tí a ń sọ ni pé àlàyé wọn gé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀. Wọn kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé ìyá wà níbẹ̀, òde sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ìró àkọ́kọ́ bọ́ sọnù, ìyá ni ó fara gbọgbẹ́.

Lórí Ceres yìí kan náà, kòtò kékeré kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá. Wọ́n pè é ní Oxo, wọ́n ní òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Bùràsílì, àti pé láti ọ̀dọ̀ Yorùbá ni ẹ̀sìn náà ti ṣẹ̀. Òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ tí àwa mọ̀ ni Òrìṣà Oko. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti kọ ọ́. Àwọn ará Bùràsílì a máa fi x kọ ìró ṣ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ Ọ̀ṣun àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá ka Oxo ní ìlànà yẹn, oṣó ni yóò pè. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e yẹ̀ wò: òrìṣà tí ń fún àgbẹ̀ ní iṣu di oṣó nítorí lẹ́tà kan. Ó dunni, nítorí pé ibi tí wọ́n fún un dára púpọ̀. Nínú kòtò yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí yìnyín omi lójú ilẹ̀ Ceres. Kí ni a tún lè fún òrìṣà àgbẹ̀ bí kò ṣe omi?

A kò gbọdọ̀ ka gbogbo rẹ̀ sí àbùkù. Lórí Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, ibì kan wà tí ó ń jẹ́ Shango Patera. Kò sí ibi tí òkè ayọnáyèéfín ti ń yọná tó ti Io láàárín gbogbo ohun tí ń yí oòrùn ká. Iná ń tú jáde níbẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Orúkọ àwọn òrìṣà iná àti àrá ni wọ́n fi ń pe àwọn ibi inú rẹ̀. Ẹni tí ó fi Ṣàngó síbẹ̀ mọ ẹni tí ó ń pè. Àmì abẹ́ lẹ́tà kò sí, ṣùgbọ́n ìwà bá orúkọ mu.

Ti Odùduwà ni ó ṣòro jù. Òfin wà pé obìnrin nìkan ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ibi tí ó wà lórí pílánẹ́ẹ̀tì Venus, yàtọ̀ sí ibi mẹ́ta péré. Síbẹ̀, Oduduwa Corona wà níbẹ̀: ilẹ̀ rìbìtì kan tí gegele yí ká, tí wọ́n ti inú èdè Látìn pè ní adé. Odùduwà, bàbá àwọn aládé, gba adé lójú sánmọ̀ gẹ́gẹ́ bí abo òrìṣà! Ọ̀pọ̀ yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ní sùúrù. Ní Adó-Odò, abo òrìṣà ni wọ́n mọ Odùduwà sí. A. B. Ellis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé nípa Yorùbá ní 1894, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ó sọ ibẹ̀ lórúkọ kò purọ́. Ẹ̀ka kan ni wọ́n gbé, tí wọ́n fi í ṣe gbogbo igi. Ilẹ̀ Okun tún mú ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ sí i. Adé Ọbáyẹmí, ọmọ Okun tí ó jẹ́ òpìtàn, fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1976 pé àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní ọba ńlá, irú èyí tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Okun, lè jẹ́ kí a mọ bí Yorùbá ti rí kí ìtàn Odùduwà àti adé ńlá tó borí ohun gbogbo. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa gan-an alára kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí Odùduwà í ṣe. Báwo ni a ó ṣe bínú sí àlejò pé kò mọ̀ ọ́n?

Venus fúnra rẹ̀ ní orúkọ lọ́dọ̀ wa kí ẹnikẹ́ni tó fi awò wò ó. Àgùàlà ni. Ellis kọ ọ́ pé Yorùbá ń pè é ní Aja-Osu nígbà tí ó bá yọ nírọ̀lẹ́, nítorí pé ó ń bá òṣùpá rìn. Ibẹ̀ ni ó dúró sí. Ìbá gbọ́ òwe wa parí, ì bá mọ̀ pé Yorùbá ti dá ara wọn lóhùn. Òwe náà sọ pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Òwe náà sì fi kún un pé Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Àwọn àgbà ti rí i pé ẹni méjì lè jọ rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ẹrú èkejì. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì gbè wọ́n. Oòrùn ni Àgùàlà ń yí ká, ní ọjọ́ 225, kì í ṣe òṣùpá. Kì í lè jìnnà sí oòrùn lójú wa, ìdí nìyí tí a fi ń rí i ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òwúrọ̀, tí a kì í rí i láàárín òru ní ilẹ̀ wa. Òwe kan ṣoṣo gbé ìṣìnà kalẹ̀, ó sì tún un ṣe. Ìwé àlejò gbé ìṣìnà, ó fi àtúnṣe sílẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ariwo kí ni a ń pa: àwọn ènìyàn dá wa lọ́lá, ó yẹ kí a dúpẹ́. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọlá tí ẹni tí a dá lọ́lá kò lè dá mọ̀ kò tíì pé. Ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Kàbà lónìí lè rí Yalode nínú ìwé, kí ó há a sórí pọ̀ mọ́ Kerwan àti Dantu gẹ́gẹ́ bí orúkọ àjèjì, kí ó sì padà sílé lọ kí ẹni tí ó ń jẹ oyè Ìyálóde nínú ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀. Òun náà ni ó ni orúkọ, òun náà ni wọ́n fi orúkọ pamọ́ fún.

Àtúnṣe kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àgbáyé nìkan. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n máa kọ Yalode sínú àwòrán ilẹ̀ wọn. Nínú ìwé tiwa, Ìyálóde ni kí a kọ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, kí a sì ṣe àlàyé bí ó ti rìn dé Dàhọ̀mì àti òdìkejì òkun. Kí a kọ Òrìṣà Oko. Kí a kọ Odùduwà, kí a má sì fi àríyànjiyàn rẹ̀ pamọ́. Kí olùkọ́ pe Àgùàlà kí ó tó pe Venus. Júpítà àti Nẹ́pítúùnù, ẹ jẹ́ kí a yá wọn lò. Yíyá ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtìjú. Iṣẹ́ yìí kò ju agbára wa lọ. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, àwọn ọ̀mọ̀wé wa sì ti ṣe ìwé èdè-ìperí fún iṣẹ́ ìmọ̀ mìíràn. Ilẹ̀kùn sì ṣí: ní 2019 wọ́n ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà sọ ìràwọ̀ kan àti ayé tí ń yí i ká lórúkọ, ní ibi jíjìnnà sí oòrùn tiwa, wọ́n sì yan Amadioha àti Equiano. Ẹni tí wọ́n bi léèrè ni ó dáhùn. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún béèrè, kí ó má jẹ́ pé inú ìwé Ellis ni àwa náà yóò sáré lọ wò.

Orúkọ Okun dúró nítorí pé ẹni tí ó mú un wá fetí sílẹ̀, àwọn tí ó ni ín sì ń fi í kí ara wọn lójoojúmọ́. Ohun méjì náà ni orúkọ nílò. Èyí èkejì kò sí lọ́wọ́ àlejò.