Òṣùwọ̀n Tí A Fi Ń Dá Ilé Lẹ́jọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí òṣùwọ̀n Rẹ̀ kì í fì sí ẹ̀yìn ẹnì kan. 

Ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni mo mú wá. Kì í ṣe ti kóòtù o. Mo fẹ́ ká wo bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń dá ilé lẹ́jọ́, tí wọ́n á fi sọ pé, "Ilé yìí ló gba àmì-ẹ̀yẹ."

Ẹni tó bá gba orí Third Mainland Bridge kọjá ní ẹ̀bá Yaba yóò rí Makoko lórí ọ̀sà. Ní ọdún 2012, ìjọba wó nínú ilé wọn. Ní 2013, Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, kọ́ ilé-ìwé kan síbẹ̀. Pákó ni wọ́n fi kàn án, alájà mẹ́ta, ó léfòó lórí àgbá oníke 256. Fọ́tò rẹ̀ kárí ayé. Ní oṣù karùn-ún 2016, wọ́n gbé irú rẹ̀ kan lọ síbi ìpàtẹ àwọn ayàwòrán ilé ní Venice, ní Ítálì. Àwọn adájọ́ fún un ní Kìnnìún Fàdákà, wọ́n sì dárúkọ Èkó nínú ìyìn wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, òjò ńlá dé, ti Makoko wó. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ jáde ṣáájú. Alihamdulilaahi, kò sẹ́ni tó farapa.

Mi ò ní ká fi Kúnlé ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́wà, ó sì láàánú: ibi tí wọ́n ti ń lé àwọn èèyàn, ó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọmọ èèyàn ń gbé ibẹ̀. Ìyẹn tó yìn. Àwọn adájọ́ ni mo bá wíjọ́. Wọ́n wọn èrò tó wà nínú ilé, wọn ò wọn ìlò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dárúkọ Èkó, ilé ti Èkó ti ṣófo. Ilé-ìwé tí ọmọ ò lè jókòó sí, ṣé ilé-ìwé ni àbí àwòrán?

Òṣùwọ̀n mìíràn wà. Ní 1977, Aga Khan kẹrin, olórí àwọn Ṣíà Ismaili, dá àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún ilé tó ń ṣe àwùjọ Mùsùlùmí láǹfààní. A kì í ṣe ìjọ kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó dára, ká pè é ní dáadáa. Òfin wọn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti lo ilé náà fún ọdún kan, ó kéré tán. Wọ́n sì ń rán onímọ̀ lọ fojú rí i níbi tó wà. Ní 1986, wọ́n yẹ́ mọ́sáláṣí Yaama ní Niger sí. Falké Barmou, bíríkìlà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1962, bíríkì alámọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ará abúlé. Òjò ti pa ilé yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí adájọ́ tó dé.

Àwa ńkọ́? Láìpẹ́ yìí, ìjọ kan ní Mushin pè mí pé kí n bá àwọn yan àwòrán mọ́sáláṣí tuntun. Mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ síwájú wa. Gbogbo wa nawọ́ sí èyí tí òrùlé rẹ̀ rí roboto tó ń dán. Èmi náà nawọ́. Nígbà tó yá ni mo ní, "Níbo ni omi òjò máa gbà? Níbo ni àwọn ìyá wa máa ti ṣe àlùwàlá? Ta ni yóò máa tún un ṣe?"

Alága ní, "Àlùfáà, a ò rò ó débẹ̀."

Mo ní kí wọ́n lọ wo mọ́sáláṣí tí ayàwòrán náà ti yà rí, kí wọ́n lọ lọ́jọ́ òjò. Wọ́n lọ. Wọ́n bá omi lórí ẹní ìkírun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, sàdákà opó wà nínú owó ilé yẹn. Súrà Taoba, àáyà 109, ìpìlẹ̀ ilé ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ lọ kà á. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ là ń mọ ilé tó ń jò. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún ilé kí òjò tó rọ̀ sí i.

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní adájọ́ òdodo. Wallaahu a'lam.