Pẹ́dálì, Okùn àti Ohùn: Àgbéyẹ̀wò Gìtá Onípẹ́dálì nínú Jùjú Sunny Adé

Àwo orin Juju Music, tí ilé-iṣẹ́ Island gbé jáde ní ọdún 1982, gbé orúkọ Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó tí wọ́n bí sí Òṣogbo ní 1946, dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn lókè òkun. Nínú ẹgbẹ́ African Beats, Demola Adepoju ni ó ń ta gìtá onípẹ́dálì. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ohùn gígùn tí ń yọ́ lọ láàárín ìlù àti gìtá yòókù ti ń wá. Ìdájọ́ méjì ni ó rọrùn láti ṣe lórí ohùn yìí: èkíní, pé ọ̀ṣọ́ àjèjì ni, èkejì, pé gángan tí a fi iná mànàmáná sí ni. Méjèèjì kò tó, nítorí kò sí èyí tí ó bojú wo abẹ́ gìtá náà.

Lóòótọ́, kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti ṣẹ̀. Láti Hawaii ni àṣà fífi irin yọ́ lórí okùn gìtá ti tàn kálẹ̀; nínú orin country ti Amẹ́ríkà ni pẹ́dálì sì ti gbajúmọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí Bud Isaacs lò ó nínú orin Slowly ti Webb Pierce ní 1954. Ṣùgbọ́n orírun nìkan kò tó ṣe ìdájọ́. Òkè òkun ni akọ́díọ̀nù I. K. Dairo náà ti wá, jùjú sì sọ ọ́ di tirẹ̀.

Bí gìtá náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí a wò. Nínú títò E9, okùn mẹ́wàá ni ó wà. Pẹ́dálì kan máa ń fa okùn B méjì gòkè sí C♯; òmíràn a fa okùn G♯ méjì sí A. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ pẹ́dálì, apá kékeré kan lábẹ́ gìtá yóò yí, yóò sì fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so mọ́ ìdí okùn. Ihò mélòó kan wà lára apá náà. Bí a bá fi ọ̀pá sí ihò tí ó sún mọ́ ìdí apá, pẹ́dálì á rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yóò rin ọ̀nà jíjìn. Bí a bá gbé e sí ihò òkèèrè, ìrìn ẹsẹ̀ á kúrú, pẹ́dálì á sì le. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ san án nínú èkejì. Nọ́ọ̀tì kékeré tí ó wà ní ìparí ọ̀pá ni ó ń pinnu ibi tí ohùn yóò dúró sí. Bí a bá fún un jù, okùn kò ní padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò.

Ibí yìí ni ìfiwéra pẹ̀lú dùndún ti wúlò, ibẹ̀ náà ni ó sì parí sí. Nínú ọ̀rọ̀ bíi “ìlú”, ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lójijì. Ó ń gùn ún ni. Nínú “rárà”, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Onílù a fi apá fún ọṣán láti gbé ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ jáde; etí rẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí yóò dúró, ní gbogbo ìgbà. Ní ti pẹ́dálì, ibi ìdúró ti wà nílẹ̀ kí agbo tó kún. Ohun tí ó kù sọ́wọ́ olórin ni bí ẹsẹ̀ ṣe yá tó. Bí pẹ́dálì bá le jù, ohùn á pẹ́ dé. Bí ó bá rọ̀ jù, ó lè ti kọjá kí olórin tó fẹ́. Nítorí náà, líle àti rírọ̀ pẹ́dálì kì í ṣe ọ̀rọ̀ alátùn-únṣe nìkan. Ó kan bí orin ṣe ń pe ohùn. Yàtọ̀ sí èyí, pẹ́dálì lè gbé okùn kan kí èkejì má mira. Awọ gángan kan ṣoṣo kò lè ṣe ìyẹn.

Nítorí náà, “gìtá náà ń sọ̀rọ̀” jẹ́ ìyìn tí ó ń fi nǹkan pamọ́. Òwe pípa àti oríkì kíkì jẹ́ iṣẹ́ onílù. Ìrìn ohùn ni gìtá yìí gbà lọ́wọ́ èdè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ní 1986, Adepoju ta gìtá náà nínú orin Graceland ti Paul Simon, níbi tí kò ti sí ìyá ìlù tí yóò ṣe agbẹnusọ fún un. Yíyọ́ ohùn náà ṣì wà níbẹ̀. Èyí fi hàn pé ẹ̀bùn olórin ni, kì í ṣe ohun tí ó yá lọ́wọ́ ìlù.

Lámèyítọ́ jùjú mọ bí a ṣe ń tú oríkì palẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń ya ìyá ìlù sọ́tọ̀ lára omele. Ní Oǹdó, ìlú baba Sunny Adé, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá, ó yẹ kí irú etí bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ tí ń tẹ pẹ́dálì náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, olórí ẹgbẹ́ nìkan ni ìtàn yóò máa rántí, ẹni tí ó fi wákàtí pípẹ́ tún okùn àti ọ̀pá ṣe kí ohùn lè dúró síbi tí ó yẹ yóò sì di ẹni ìgbàgbé.