Ibi Tí Èrò Yóò Jókòó

Ẹni tó bá gbéra ní Ojúẹlẹ́gbá, tó gba inú Sùúrùlérè rìn dé Ìdí-Òro, kò ní í pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi sọ fún un pé ó ti kúrò nínú ìlú kan bọ́ sínú òmíràn. Lápá Sùúrùlérè, títì gùn gbọọrọ, gọ́tà wà lọ́tùn-ún lósì, ilé sì fi àyè sílẹ̀ fún ilé. Bó bá ti ń wọ Múṣin, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í há, á yà, á tún yà, ilé á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èjìká kan ilé, omi òjò á sì máa wá ibi tí yóò gbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwà àwọn tó ń gbébẹ̀ ló fà á. Èmi tó jẹ́ pé àwòrán ilé ìjọba ni mo ti ń yà ní agbègbè yìí láti ìgbà tí mo ti jáde ní Yunifásítì Èkó, mo mọ̀ pé ìlà kan lórí máàpù ló fà á.

Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Sùúrùlérè àti Yábàá wà, nítorí wọ́n jẹ́ ara olú-ìlú. Múṣin wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn ni àṣẹ tirẹ̀ sì ti ń wá. Àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) tó ń la títì, tó ń gbẹ́ gọ́tà, kò láṣẹ láti sọdá. Lódì kejì ìlà náà, àwọn ìdílé onílẹ̀ ń ta ilẹ̀ fún àwọn tó ń wọ́ wá sí Èkó wá iṣẹ́, ẹni tó rà á ń kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ ya ọ̀nà sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn ògbógi tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán wá, tí Otto Koenigsberger àti Charles Abrams wà nínú wọn, parí ìwádìí wọn lórí Èkó lọ́dún 1964, wọ́n rí i pé ìlú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ tó ń ṣètò rẹ̀ pọ̀ jù, kò sì sí èyí tó mọ ohun tí èkejì ń ṣe.

Ìdí rèé tí iṣẹ́ yìí fi wọ̀ mí lára. Ẹnì kan jókòó sínú ọ́fíìsì, ó fa ìlà sórí bébà, ìlà náà ló máa sọ bóyá ọmọ tí wọn ò tíì bí yóò máa tẹ omi ẹ̀gbin lọ sílé-ìwé tàbí kò ní í tẹ̀ ẹ́. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn tí agbára rẹ̀ dákẹ́ tó báyẹn, tó sì pẹ́ lára aráàlú tó báyẹn.

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ló bí àjọ LEDB. Ó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1924, ó pa èèyàn púpọ̀, nígbà tó sì di 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ náà sílẹ̀ láti tún ìlú tò. Yábàá wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ pín sí púlọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ ti Sùúrùlérè tóbi púpọ̀. Lọ́dún 1955, wọ́n pinnu láti wó nǹkan bíi 70 éékà ilé láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, kí wọ́n sì kó àwọn onílé àti ayálégbé ibẹ̀ wá sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ ní ìtò-ìtò sí Sùúrùlérè. Ilé náà mọ́, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà, títì wà. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá títí dòní, ojú mi máa ń lọ sára gọ́tà àtijọ́ wọ̀nyẹn, bó ṣe rọra dagẹ̀rẹ̀ tí omi fi ń sáré láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tì í. Ẹni tó wọn ilẹ̀ yẹn mọṣẹ́.

Ṣùgbọ́n wọn kò bi èèyàn léèrè bó ṣe ń gbé. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá ṣèwádìí láàárín àwọn tí wọ́n kó kúrò, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1961. Ohun tó rí ba ni nínú jẹ́. Obìnrin tó ń pàtẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí oníbàárà ń bá a níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, dé Sùúrùlérè, kò rí ẹni rajà. Owó ọkọ̀ jẹ èrè ẹni tó ń pààrà Erékùṣù. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń wọkọ̀ kí wọ́n tó rí ara wọn. Agbo ilé ni wọ́n wó, ilé ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nínú agbo ilé wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni èèyàn ti ń gbé ayé rẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, tí wọ́n ti ń parí ìjà, tí ìyá àgbà ti ń ṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Ayàwòrán tó ya ilé Sùúrùlérè ka yàrá, ó ka ènìyàn, ó pín ọ̀kan fún èkejì. Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ìṣirò rẹ̀.

Àwọn aráalé ló wá parí iṣẹ́ náà fúnra wọn. Ẹ wo àwọn òpópó wọ̀nyẹn lónìí. Ẹlòmíràn ti dá ògiri iwájú lu, ó ti sọ yàrá ìta di ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síbi tí ó yẹ kí òdòdó wà. Wọ́n na páànù síwájú, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti padà wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń pe gbogbo ìyẹn ní àfikún tí kò bófin mu. Èmi máa ń mú téèpù jáde, mo máa ń wọ̀n ọ́n, nítorí lójú tèmi, lẹ́tà ni: aráàlú ń kọ̀wé sí ẹni tó ya àwòrán, ó ń sọ ohun tó gbàgbé fún un.

Ẹ jẹ́ kí n fi bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ṣàlàyé. Wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe ilé ìwòsàn kékeré kan ní Múṣin fún wa nígbà kan. Ohun tó wà nínú ìwé iṣẹ́ kò ju pé kí a pààrọ̀ òrùlé, kí a sì gbé bẹ́ǹṣì tuntun síwájú ilé. Èyí tí gbogbo káfíńtà mọ̀ ọ́n kàn kì í fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, ó sì máa ń ní ẹ̀yìn tí èèyàn yóò fara tì. Mo lọ dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí aago méje tó lù, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti kún ibẹ̀. Kò sí èyí tó fara ti nǹkan kan nínú wọn, nítorí ọmọ ló wà lẹ́yìn wọn. Etí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń fìdí lé. Bó bá sì tó àkókò láti sọ ọmọ kalẹ̀, ìyá á dìde, á tẹ̀ síwájú, á fi ọwọ́ kan di ọmọ mú lẹ́yìn, á fi èkejì tú ọ̀já, á wá yí ọmọ gba abẹ́ apá bọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà ni yóò máa wo ọ̀tún wo òsì, yóò máa wá ibi tí yóò gbé e lé.

Ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá rí mi bí mo ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní, “Ẹnjiníà, ara wa le o, ọmọ la gbé wá. Ẹ bá wa wá ibi tí a máa tẹ́ ọmọ sí.” Mo ní, “Mo gbọ́, Mà. Ẹ ṣeun gan-an.” (Ẹnjiníà ni gbogbo Múṣin ń pe àwa tó ń ya àwòrán ilé, ó sì ti mọ́ mi lára.) Bẹ́ǹṣì tí a ṣe kò ní ẹ̀yìn. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75, ó ga ní 42, a sì gbé etí kékeré kan sókè lápá kan kí ọmọ tí wọ́n bá tẹ́ síbẹ̀ má baà yí ṣubú. Ìyá á jókòó lápá ìhín, á tẹ́ ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, á fi ìrọ̀rùn tú ọ̀já. Igi tó wọnú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí igi ẹ̀yìn la yọ tí a fi fẹ ìjókòó. N kò rò pé mo ti ya ohun tó dára ju bẹ́ǹṣì yẹn lọ.

Bákan náà ni pákó kọnkéré tí wọ́n fi ń bo gọ́tà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí ló wà nínú ìyẹn. Bó bá wúwo jù, kò sẹ́ni tó máa ṣí i, gọ́tà á kún fún yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá, òjò oṣù Kẹfà á sì gbé e wọ yàrá àwọn èèyàn. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, ọ̀kadà kan ṣoṣo á fọ́ ọ. Èyí tí a máa ń ní kí wọ́n dà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 50, ó nípọn ní méje àtààbọ̀. Ìwúwo rẹ̀ kò ju ohun tí géńdé méjì lè gbé. A máa ń fi ihò méjì sílẹ̀ lára rẹ̀ tí ọ̀pá irin lè wọ̀. Ihò yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí mo bá dé ibi iṣẹ́, nítorí òun ni bíríkìlà tètè máa ń gbàgbé.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kò ka irú nǹkan báyìí sí iṣẹ́ ọnà. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń bú ilé-ìwé tí Gómìnà Látẹ́ẹ̀fù Jákàńdè kọ́ láàárín 1979 sí 1983, tí wọ́n ń pè é ní ilé adìyẹ. Lóòótọ́, kò lẹ́wà, ooru rẹ̀ sì pọ̀. Síbẹ̀, ilé-ìwé wọ̀nyẹn ló fòpin sí ètò tí ọmọ kan ń lọ láàárọ̀ tí èkejì ń lọ lọ́sàn-án nítorí yàrá ìkàwé kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó kọ́kọ́ ka iye ọmọ tó rí àyè jókòó nínú rẹ̀.

Ẹwà àti ànfààní lè wà pọ̀, Makókò sì ti fi hàn wá. Lóṣù Keje ọdún 2012, ìjọba fún àwọn tó ń gbé lórí omi níbẹ̀ ní wákàtí 72, wọ́n sì wó lára ilé wọn. Nígbà tó di 2013, ilé-ìwé onígi alájà mẹ́ta kan ti léfòó lórí ọ̀sà kan náà. Kúnlé Adéyẹmí ló yà á, òun náà jáde ní Yunifásítì Èkó kó tó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Rem Koolhaas, kó tó wá dá ilé-iṣẹ́ NLÉ sílẹ̀ lọ́dún 2010. Ìdí ilé náà jẹ́ mítà 10 níbùú lóròó, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó lọ sókè. 256 àgbá oníke ló gbé e dúró. Àwọn ọ̀mọlé Makókò, tí ìran wọn ti ń kan ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó bí bàbá wọn, ni wọ́n kàn án. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí ọmọ lè ṣeré, kí àgbà lè ṣèpàdé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ohun tó mú orí mi wú ni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ará Makókò kò mọ̀ rí: àgbá, pákó, ìṣó. Ọ̀nà tí ó gbà tò wọ́n nìkan ló jẹ́ tuntun.

Adéyẹmí gba ẹ̀bùn Kìnnìún Onífàdákà ní Venice lórílẹ̀-èdè Ítálì lọ́dún 2016. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, òjò ńlá wó ilé-ìwé Makókò náà lulẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ púpọ̀, mo sì tún wòye pé ilé tó wà lórí omi kì í sinmi; ìgbì ń mì í tọ̀sán tòru, ìdè rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí àwòrán kankan kúrò lọ́ọ́fíìsì wa láìkọ sí i ẹni tí yóò máa tún ilé náà ṣe, oṣù wo ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, àti ibi tí owó rẹ̀ yóò ti máa wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ibi tí owó yẹn yóò ti wá máa ń fa àríyànjiyàn ju àwòrán fúnra rẹ̀ lọ.

Ní báyìí, yàrá ìkàwé tuntun la ń yà fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Yábàá. A kọ ojú ilé sí àríwá àti gúúsù kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má wọlé tààrà, a sì ṣí fèrèsé lápá méjèèjì kí afẹ́fẹ́ tó ń ti ọ̀nà òkun bọ̀ lè là á já. Etí òrùlé la wá fà títí. Àwa fẹ́ kó yọ síta ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 20. Àwọn tó ń sanwó ní kí a gé e sí 60, nítorí páànù ti gbówó lórí. Mo sọ fún wọn pé abẹ́ etí òrùlé yẹn ni òbí yóò máa dúró sí bó bá wá mú ọmọ lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni olóúnjẹ yóò máa gbé abọ́ rẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni tíṣà yóò kó ọmọ jáde sí bí iná bá lọ tí inú yàrá ṣókùnkùn. Wọ́n ní ibo ni owó yóò ti wá. A jókòó, a wo ìwé ìṣirò náà láti òkè délẹ̀. Táìsì ilẹ̀ la yọ, a fi sìmẹ́ńtì dídán rọ́pò rẹ̀, owó náà sì ká etí òrùlé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni káfíńtà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igi rẹ̀ sókè.