Orúkọ Ọjà àti Ìwà Ọjà: Àyẹ̀wò Láti Kabala Costain

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtajà ti sọ òwe yìí di ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀rọ̀. A rò pé bí a bá ti wá orúkọ tó dùn, tí a kun ọ̀dà tó ń dán sára páálí, tí a sì rí ẹni tí yóò kígbe rẹ̀ lórí rédíò, ọjà ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nìyẹn. Èrò tèmi ni pé orúkọ ọjà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ̀jẹ́ ni. Ẹni tó ń tajà ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, ẹni tó ń rà á sì ni adájọ́. Bí a ti mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ sí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ fi díwọ̀n orúkọ ọjà, kì í ṣe adùn rẹ̀ létí nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Kabala Costain ní ìlú Kàdúná. Kabala tó wà ní ìlú náà ju ẹyọ kan lọ: Kabala Doki wà, Kabala West wà, Kabala Costain sì wà. Bí àlejò bá wọ ọkọ̀, tó sọ fún awakọ̀ pé Kabala ni òun ń lọ, kò tíì sọ ibì kan. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn orúkọ ni yóò jẹ́ kí awakọ̀ mọ ibi tí yóò já a sí. Ẹṣin ni àwọn Haúsá ń pè ní doki. Ìwọ̀-oòrùn ni West. Costain sì jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ akọ́lé tí Richard Costain dá sílẹ̀ ní ìlú Liverpool ní ọdún 1865. Ará Èkó náà kò ṣàì mọ orúkọ yìí, nítorí pé Costain wà lẹ́bàá Ìgánmú, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń ké e lójoojúmọ́.

Ìpìlẹ̀ kìíní nìyí: iṣẹ́ orúkọ ni láti ya ohun kan sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ara iná ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, brand, ti wá. Àwọn darandaran a máa fi irin gbígbóná sàmì sára màlúù kí ti ẹnì kan má baà dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn. Ilà ojú ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ará ìlú ni wọ́n ń fi ẹnu ara wọn pe Costain. Orúkọ ti wọ inú ilẹ̀, àwọn ọmọ tí a bí sí àdúgbò náà sì ń jẹ́ ọmọ Kabala Costain láìbéèrè ẹni tí Costain í ṣe. Ilé-iṣẹ́ lè fún ara rẹ̀ lórúkọ, àwọn ènìyàn ni yóò pinnu bóyá yóò dúró.

Ní ìlú Kàdúná yìí kan náà ni a ti rí ìpìlẹ̀ kejì. Ní ọdún 1972, ìjọba Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Nígbà tí ó di 1975, ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Peugeot ti ṣí ní Kàdúná. Kìnnìún ni àmì wọn. Kì í ṣe ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kìnnìún sí, bí kò ṣe ayùn tí wọ́n ń rọ kí ọkọ̀ tó dé ayé. Ní ọdún 1858 ni wọ́n forúkọ àmì náà sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eyín ayùn náà le bí eyín kìnnìún, ara rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn kìnnìún, ó sì yára bí ẹranko náà. Lójú lámèyítọ́, oríkì tó péye nìyí, nítorí pé gbogbo ohun tí a fi ki ayùn náà ni olùrà lè dán wò lára igi. Nígbà tí àmì náà wá dé ara 504, ojú ọ̀nà wa tó kún fún kòtò ni ó dán an wò, ọkọ̀ náà kò sì dójú ti àmì rẹ̀. Títí di òní, awakọ̀ àgbà a máa sọ̀rọ̀ nípa 504 bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ẹṣin tó gbé e délé. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí àmì wí ni ọkọ̀ ṣe.

Ìpìlẹ̀ kẹta, tí ó jẹ́ ààbò orúkọ, ni ó dunni jù. Kàdúná ti fìgbà kan rí jẹ́ ìlú aṣọ. Ilé-iṣẹ́ ahunṣọ Kaduna Textile Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, United Nigerian Textiles sì tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1960. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí a tẹ̀ sí etí aṣọ ni àwọn ìyá wa ń kà kí wọ́n tó sanwó. Nígbà tó yá, aṣọ tí a hun ní Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, tí wọ́n sì tẹ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà sí etí rẹ̀. Ẹni tó ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ṣá lẹ́yìn ìfọ̀ kejì, ilé-iṣẹ́ Kàdúná ni yóò bú. Èmi kò sọ pé ayédèrú nìkan ló pa àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí; àìsí iná mànàmáná, epo tó wọ́n àti àwọn fàyàwọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí United Nigerian Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló padà sílé. Òótọ́ ni pé wọ́n tún ṣí i ní 2010, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ti wà.

Ewu mìíràn wà tí ó jọ iyì. Ẹ lọ sí ìsọ̀ kékeré èyíkéyìí, kí ẹ béèrè Maggi; ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín ní ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i bí àṣìṣe. Orúkọ ẹnì kan ti di orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Bayer ti ilẹ̀ Jámánì rí irú rẹ̀: wọ́n forúkọ Aspirin sílẹ̀ ní 1899, ṣùgbọ́n ní 1921 ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ní orúkọ náà ti di ti gbogbo ayé.

Èwo ló wá kan àwa nínú gbogbo èyí? Ẹ wo gàrì Ìjẹ̀bú. Kí olùkọ́ ìtajà kankan tó dé ni ó ti lórúkọ. Wọ́n a jẹ́ kí gbágùúdá tí a rin kan fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń kan lẹ́nu, tí hóró rẹ̀ sì kúnná. Ẹ̀jẹ́ tó wà nínú orúkọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá rẹ ẹ̀gẹ́ mọ́jú, tó yan án lówùúrọ̀, lè gbé e dé Kàdúná kí ó pè é ní gàrì Ìjẹ̀bú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ìrẹsì Ọ̀fadà àti àdìrẹ Abẹ́òkúta. Àwọn Faransé kò gbà kí a pe ọtí ní Champagne bí kò bá ti agbègbè náà wá. Òfin àmì ọjà ti Nàìjíríà, ti ọdún 1965, fi àyè sílẹ̀ fún àmì tí ń jẹ́rìí sí orírun tàbí ìdára ọjà, bí ẹni tó gbà á kì í bá ṣòwò ọjà náà fúnra rẹ̀. Àmì lásán a máa lo ọdún 7 lábẹ́ òfin náà, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 14. Ọ̀nà wà, àwa ni a kò tíì tọ̀ ọ́ bó ti yẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ wá orúkọ fún ọjà, ẹ má ṣe sáré sídìí ọ̀dà àti orin. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjà náà: kí ni ó lè ṣe lónìí, tí yóò sì tún ṣe lọ́dún mẹ́wàá òní? Ẹ fi ìyẹn jẹ́ ẹ̀jẹ́, kí ẹ sì fi òfin dáàbò bò ó. Orúkọ tí ìwà bá tì lẹ́yìn ni ará ọjà yóò máa pè fúnra wọn.