Òrùka Senicianus, Kì í Ṣe Ti Silvianus

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tún ti kọ ọ́ síwèé pé òrùka Silvianus ni òrùka wúrà tí wọ́n rí nínú oko kan nítòsí Silchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1785. Ó ti sú mi. Nítorí pé Mortimer Wheeler, tó wú tẹ́ḿpìlì òrìṣà Nodens ní Lydney ní 1928 àti 1929, ní kí òǹkọ̀wé Tolkien bá òun yẹ orúkọ òrìṣà náà wò, gbogbo wọn ló ń sáré lọ sídìí ìtàn òrùka tí Tolkien kọ. Òrùka fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò kà á.

Silvianus ṣẹ́ èpè sórí pẹlẹbẹ òjé kan tó jáde ní Lydney: òrùka òun sọnù, òun fi ìdajì iye rẹ̀ ta Nodens lọ́rẹ, kí òrìṣà má jẹ̀ẹ́ kí ara àwọn tó ń jẹ́ Senicianus le títí òrùka yóò fi dé tẹ́ḿpìlì. Kò sọ pé wúrà ni. Kò dárúkọ Venus, òrìṣà tí àwòrán rẹ̀ wà lára òrùka Silchester. Lydney sí Silchester ju 100 kìlómítà lọ, orúkọ Senicianus kò sì ṣọ̀wọ́n ní Britain ayé àwọn ará Róòmù. N kò ní kò lè jẹ́ òrùka kan náà. Ohun tí mo ní ni pé òjé kọ́ la fi ń ka wúrà.

Wúrà ọ̀hún tó gíráàmù 12, ó sì tóbi ju ìka lásán lọ. Lójú èdìdì rẹ̀, orí Venus wà níbẹ̀, wọ́n sì fín orúkọ rẹ̀ sódì kó lè tọ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìda. Ojú mẹ́wàá ni wọ́n gé sára ìyókù, ibẹ̀ ni SENICIANE VIVAS IIN DE wà: Senicianus, kí o wà láàyè nínú Ọlọ́run. Èyí kò sódì. Ojú èèyàn ló wà fún, ìda kọ́. Ẹni tó fín in fi I kan lé e, àyè bá tán, O tó yẹ kó parí DEO ò ríbi jókòó. Àwọn kan ń fi í ṣẹ̀sín. Èmi fẹ́ràn àṣìṣe yẹn gan-an. Lójú tèmi, òrùka ti wà tẹ́lẹ̀, àdúrà ló wá bá a. Olówó rẹ̀ ti di onígbàgbọ́, kò sì ha Venus kúrò.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ olóhun ti bọ́ lọ́wọ́ mi? Ìbéèrè tó dùn jù ni: ta ló ń sọ̀rọ̀ lára òrùka? Ẹ wo méjì láti Corbridge, nítòsí Odi Hadrian. Wọ́n gé wúrà wọn láàrin-láàrin títí ó fi dà bí àwọ̀n, ọ̀rọ̀ sì jókòó sínú rẹ̀. Ọ̀kan ní AEMILIA ZESES. Lẹ́tà Látíìnì ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni ZESES: kí o pẹ́ láyé. Obìnrin ni òrùka yẹn ń pè. Èkejì, Gíríìkì pọ́ńbélé, ní oògùn ìfẹ́ Polemius lòun. Bí obìnrin bá wọ ìyẹn, ohùn ọkùnrin ló wà níka rẹ̀. Síbẹ̀, ẹlẹgbẹ́ mi kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ọ̀ṣọ́ obìnrin, ó di gbólóhùn kan ṣoṣo!

Òrùka Silchester wà nínú ilé The Vyne ní Hampshire. Orúkọ Senicianus ló wà lára rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un kó fi Silvianus sílẹ̀ lórí òjé rẹ̀.