Ẹ̀rí Méjì fún Ìdáhùn Kan: Ìtúpalẹ̀ Crossword Aláàdììtú Tí Ó Rọrùn

Ìfáárà

Bí àgbàlagbà bá pa àlọ́ àpamọ̀ fún ọmọdé, tí ọmọ náà kò sì mọ̀ ọ́n, àgbàlagbà a já a fún un, ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀. Kò sí ẹni tí í béèrè ẹ̀rí. Ìjọra tí ó wà láàrin ohun tí a sọ àti ohun tí a fi pamọ́ ti tó. Àwùjọ tí ó ni àlọ́ náà ni ó sì ń ṣe onídùúró fún ìdáhùn rẹ̀. Crossword aláàdììtú, irú èyí tí ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í gba onídùúró bẹ́ẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá ní òun ti rí ìdáhùn gbọ́dọ̀ lè fi hàn, ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdí tí ìdáhùn náà fi jẹ́ òun gan-an tí kò sì lè jẹ́ òmíràn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe eré yìí ní àlọ́ àpamọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n kò tí ì dé ibẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ gbólóhùn atọ́nà mẹ́rin tí ó rọrùn wò, láti fi hàn pé àlàyé tí ó ń tẹ̀lé ìdáhùn ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ iṣẹ́ gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Lẹ́yìn èyí, ó béèrè ohun tí òṣùwọ̀n náà yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ hun irú rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Èyí tí ó rọrùn ni a yàn, nítorí pé àṣìṣe kì í rí ibi sá pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Bí eré ṣe di ohun tí ó ní òfin

Arthur Wynne, ọmọ bíbí Liverpool tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó gbé crossword àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Ìtumọ̀ lásán ni atọ́nà inú rẹ̀: a sọ ìtumọ̀, olùtú sì wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré náà ti di aláàdììtú. Láti ọdún 1926 títí di ìgbà ikú rẹ̀ ní ọdún 1939, Edward Powys Mathers ń hun èyí tí ó le koko fún The Observer lábẹ́ orúkọ Torquemada, orúkọ adájọ́ òǹrorò kan nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọ Àgùdà fi ń wá aládàámọ̀ ní Sípéènì àtijọ́. Àwàdà ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ mu, nítorí pé kò tí ì sí òfin kan tí ó dáàbò bo olùtú.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni ó ṣe òfin. Ní ọdún 1949, A. F. Ritchie, tí a mọ̀ sí Afrit, fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ pé olùhun lè darí ọkàn olùtú sí ibi tí kì í ṣe ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ bí a bá kà á bí ó ti yẹ. Derrick Somerset Macnutt, tí ó jogún ipò Torquemada tí ó sì pe ara rẹ̀ ní Ximenes, orúkọ adájọ́ mìíràn nínú ìgbìmọ̀ kan náà, ṣe àlàyé kíkún lórí ìlànà yìí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1966. Àkókó òfin náà kò gùn: atọ́nà gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ tí ó ṣe déédéé, níbẹ̀rẹ̀ tàbí níparí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìfọ̀rọ̀dárà tí ó ń kọ́ ìdáhùn kan náà láti inú lẹ́tà, kò sì gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí kò ní iṣẹ́. Iye lẹ́tà ìdáhùn ni a ń kọ sínú àkámọ́. Nígbà tí The Times bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ tí ó kéré tí ó sì rọrùn ní ọdún 2014, àpótí 13 ní 13 ni ó lò dípò 15 ní 15. Ìwọ̀n ni ó dín kù. Òfin kò dín kù.

Atọ́nà mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni atọ́nà mẹ́rin tí ó tẹ̀lé e yìí. Fún ìtúpalẹ̀ yìí ni a sì hun wọ́n. Èkíní nìyí:

Food for some lazy ambassador (3)

Ẹni tí ó bá kà á bí gbólóhùn lásán yóò rí aṣojú ìjọba kan tí ó ya ọ̀lẹ, tí a ń gbé oúnjẹ lọ bá níbi tí ó jókòó sí. Kíkà kejì pa àwòrán náà rẹ́. “Food” ni ìtumọ̀. “Some” ń sọ pé apá kan ni kí a mú nínú ohun tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́tà tí ó parí “lazy” àti méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ “ambassador” so pọ̀, wọ́n di YAM, iṣu. “For” dúró láàrin, ó ń sọ pé ìtumọ̀ wà fún ohun tí a gé jáde. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹ́ kù. Ẹwà iṣẹ́ náà wà nínú “some”: nínú kíkà àkọ́kọ́, aṣojú kan tí a kò dárúkọ ni ó ń tọ́ka sí, nínú ìkejì, ó di ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yí padà.

Instrument for daughter before strong drink (4)

Ohun èlò orin pọ̀, ọtí líle náà sì pọ̀. Bí a bá mú ìtumọ̀ nìkan, olùtú yóò máa rìn gbéregbère. Ṣùgbọ́n D, tí ó dúró fún ọmọbìnrin, ṣáájú RUM, ó fún wa ní DRUM, ìlù. Ọtí “gin” náà jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, ṣùgbọ́n D ṣáájú rẹ̀ kò di ohun èlò kankan. Ẹ̀rí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ jù ti há ara wọn mọ́ títí ó fi ku ìdáhùn kan ṣoṣo. Síbẹ̀, atọ́nà yìí ní gbèsè kan lọ́rùn. Kò sí làákàyè tí ó lè sọ fún àjèjì pé D dúró fún ọmọbìnrin. Inú ìwé ìtàn ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń gé e kúrú bẹ́ẹ̀. Níbi yìí ni crossword ti padà dà bí àlọ́: àwùjọ tún di onídùúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kùnà níbẹ̀ kò kùnà nínú ọgbọ́n. Kò tí ì gbọ́ ọ ni.

Lamp broken by tree (4)

Igi wó lu fìtílà, fìtílà fọ́: gbólóhùn náà dán mọ́rán. Nínú kíkà kejì, “broken” ní kí a da lẹ́tà “lamp” rú, wọ́n sì di PALM, igi ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n kí ni “by” ń ṣe? Nínú kíkà àkọ́kọ́, ó ń fi ẹni tí ó ṣe é hàn. Nínú ìkejì, gbogbo ohun tí ó lè sọ ni pé ìfọ̀rọ̀dárà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò wúwo ni. Adájọ́ tí kò le jù yóò gbà á; èyí tí ó le yóò ní kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn so wọ́n. Ẹwà ojú gbólóhùn ni a rà pẹ̀lú àìdájú díẹ̀, òǹkàwé sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye tí a rà á.

Vessels returned to end (4)

Èyí ni ó rọrùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ni kò sì yege. Bí POTS, ìkòkò, bá padà sẹ́yìn, ó di STOP, dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí “to end” bá jẹ́ STOP tí a dá padà, ìdáhùn di POTS. Nítorí pé “returned” dúró sáàrin, apá méjèèjì ni ó lè sìn. Ẹ̀rí wà fún ìdáhùn méjì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀rí. Lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá fi sínú àpótí lè gba olùtú sílẹ̀, ṣùgbọ́n atọ́nà fúnra rẹ̀ kò gbà á. Àtúnṣe rẹ̀ kéré: Returning vessels come to an end. Níbi tí “returning” dúró sí yìí, kò lè fọwọ́ kan ohun mìíràn ju ìkòkò lọ.

Bí a bá gbé e wá sínú Yorùbá

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú eré yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò lè kàn túmọ̀ òfin náà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: kí ni ó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan? Gb jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, nítorí náà àpótí kan ni ó yẹ ẹ́. “Igbá” jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Èyí tí ó le ni àmì ohùn. Igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ó jẹ́ àkókò, àti igba tí ó jẹ́ iye kò pín ọ̀rọ̀ kan lò. Lẹ́tà ni wọ́n jọ pín. Ẹ wo atọ́nà yìí:

Odò inú ohun tó jọ bàtà (3)

“Odò” ni ìtumọ̀. “Inú” sọ pé ìdáhùn farapamọ́. Láti àárín “jọ bàtà” ni a sì ti gé Ọbà jáde, odò tí ó ń jẹ́ orúkọ aya Ṣàngó. Ohùn àárín wà lórí ọ, ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí à, nínú ibi tí a ti gé e àti nínú ìdáhùn. Bí olùhun bá wá pààrọ̀ “Odò” sí “Aládé”, tí ó ní ọba ni ìdáhùn, lẹ́tà yóò pé ṣùgbọ́n ẹ̀rí yóò já. Kò sí ọba kankan nínú “jọ bàtà”. Ẹni tí ó bá gba irú atọ́nà bẹ́ẹ̀ wọlé ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé àmì ohùn jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí a lè bọ́ sílẹ̀, pàápàá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto, tí ó jẹ́ pé Yorùbá tí kò ní àmì ni ó sábà máa ń rí lórí fóònù.

Òfin yìí ń ti ilẹ̀kùn kan pa. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ kì í fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀, kì í sì í fi u bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ka “ilé” láti ẹ̀yìn, “éli” ni yóò fún wa. “Ìlú” yóò di “úlì”, tí ó rú òfin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n tí ó sọ ìkòkò di ìdádúró nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè rìn jìnnà níbí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ méjì fún ọ̀rọ̀ kan rìn dáadáa:

Ayẹyẹ tí ó gba oṣù méjìlá (4)

Gbólóhùn náà ń rántí ọlọ́jà ináwó kan tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí àlejò lọ sílé. Ìdáhùn rẹ̀ ni ọdún: ọdún tí a ń ṣe àti ọdún tí a ń kà. Ohùn ọ̀kan náà ni ohùn èkejì.

Ohun tí àrokò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ẹnìkan lè sọ pé ìnira tí ó pọ̀ jù ni láti fi ohùn ṣe ẹ̀rí, pé eré lásán ni. Àrokò dá a lóhùn. Bí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, fífà ni a ń sọ: ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, jíjọ ni: ọ̀rọ̀ wọn jọra. “Fà” inú “mẹ́fà” ní ohùn ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí “fà” ti ọ̀rọ̀-ìṣe. “Jọ” inú “mẹ́jọ” ní ohùn àárín gẹ́gẹ́ bí “jọ” tí ó túmọ̀ sí ìjọra. Ìfọ̀rọ̀dárà náà pé lẹ́tà, ó sì pé ohùn. Àṣà ni ó ń kọ́ ènìyàn pé orúkọ iye ni kí ó gbọ́ dípò kí ó ka owó, gẹ́gẹ́ bí àṣà ṣe ń kọ́ olùtú pé D dúró fún ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti mọ èyí, etí rẹ̀ tó láti dá ìdáhùn láre.

Àgbálọgbábọ̀

Ìrọ̀rùn kò dín ẹrù atọ́nà kù. Èyí tí ó ní YAM nínú rọrùn, ó sì pé. Èyí tí ó ní ìkòkò nínú rọrùn jù ú lọ, ó sì jó. Àlàyé ni ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn, kì í ṣe bí ìdáhùn ṣe yára wá sí ọkàn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo eré yìí nínú kíláàsì Yorùbá lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní atọ́nà pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, kí ó sì ní kí ó dá ẹjọ́ wọn. Ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé ìdí tí Ọbà fi wà nínú “jọ bàtà” tí ọba kò sì sí níbẹ̀ ti fi etí gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ì bá fò kọjá.